Mo Sọ Pé Ìta Géètì Ni

Kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́, ẹ jẹ́ kí n rò ó tán. Kò sí èébú tí ẹ fẹ́ bú mi tí mi ò tíì bu ara mi níwájú dígí.

Ivelisse lorúkọ mi. Ive ni wọ́n ń pè mí ní gáréèjì àwa kólẹ̀kódọ̀tí ní Greenpoint, ní Brooklyn. Ọdún mẹ́sàn-án gbáko ni èmi àti Kaz Wojtasik fi jọ wà lórí ọkọ̀ kan. Ẹnì kan á wakọ̀, ẹnì kejì á máa gbé àpò pàntí jù sẹ́yìn ọkọ̀, tó bá di ìdajì iṣẹ́ a ó pààrọ̀. Ẹni tó bá ti ṣe iṣẹ́ yìí rí mọ̀ pé ẹni tí ẹ jọ wà lórí ọkọ̀ sún mọ́ni ju ọkọ ilé lọ. Ọkọ tèmi ti bá tiẹ̀ lọ ọjọ́ ti pẹ́, ó fi èmi àti Yarimar ọmọ wa obìnrin sílẹ̀. Kaz ò lọ ibì kankan.

Ọmọ Pólándì ni Kaz, ó ku oṣù mẹ́jọ kó fẹ̀yìn tì. Òun ló kọ́ mi ní òfin tí kò sí nínú ìwé kankan.

"Ive, ohun tó bá wà níta géètì, pàntí ni. Ohun tó bá wà nínú géètì, ilé onílé ni, kódà kí eku ti jẹ ẹ́ tán. O ò gbọdọ̀ wọ géètì ẹnikẹ́ni."

Nínú ìwé, a ò tiẹ̀ gbọdọ̀ mú ohunkóhun nínú pàntí, ìta ni o, inú ni o. Ṣùgbọ́n ta ni kì í mú? Àga ilé mi, iná orí tábìlì tí Yarimar fi ń kàwé, ojú ọ̀nà ni gbogbo wọn ti wá. Ọ̀gá gáréèjì ti ká mi mọ́ ọn lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ti kọ ìwé lé mi lórí lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní tó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta, kí n má wulẹ̀ padà wá. Ọmọ mi sì ní ikọ́ fée. Iṣẹ́ yẹn ló ń bá mi sanwó oògùn rẹ̀.

Ohun kan tún wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ. Ní gáréèjì wa, ẹni tó bá ń ṣọjọ́ ìbí kì í fọwọ́ kan àpò. Ìdí ọkọ̀ ló máa wà, táá máa wakọ̀, látàárọ̀ títí iṣẹ́ á fi parí, ẹnì kejì rẹ̀ ni yóò gbé gbogbo rẹ̀. Tó bá sọ̀ kalẹ̀ pẹ́nrẹ́n, wọ́n á ní ó fẹ́ fa oríburúkú bá ọkọ̀. Kò sẹ́ni tó ń rú òfin yẹn, àní ọ̀gá pàápàá.

Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ni ọjọ́ ìbí Kaz. Lọ́dún yẹn ó pé ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta, òjò tútù sì ń rọ̀. Kaz jókòó sídìí ọkọ̀, ó ń jẹ kéèkì oníhóró dúdú tí mo máa ń rà fún un lọ́dọọdún, èmi ń wẹ̀ nínú òjò nísàlẹ̀.

"Arúgbó, ṣé o ò tíì sùn?" ni mo wí.

"Ọba kì í sùn. Ọba ń wo ẹrú rẹ̀ nínú dígí."

"Kí òjò yìí pa ọba náà."

"Òjò kì í pa ọba, ẹrú ọba ló ń pa. Gbé àpò, jàre."

Mo ní àṣà kan tó máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ mi. Látìgbà tí eku kan ti fò jáde nínú àpò mọ́ mi láyà, n kì í gbé ohunkóhun láì kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ òsì ta á lẹ́ẹ̀mejì. "Ṣé ò ń kan ilẹ̀kùn fún wọn ni?" Kaz á yọrí látojú fèrèsé ọkọ̀. "Wọ́n ní kí o wọlé."

Bá a ṣe ń bọ̀ nìyẹn tá a fi dé ilé kan tí bàbá arúgbó kan ti kú. Wọ́n ń kó ẹrù rẹ̀ dà nù. Àpò kún ìta géètì, àpò tún kún inú géètì dé ìloro. Inú ìloro yẹn ni mo ti rí i látojú dígí ilẹ̀kùn, láàárín àpò méjì, àpótí rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Akọ́díónì ni, ohun èlò orin tí wọ́n ń fà bí ẹwìrì, pupa tó ń dán, eyín rẹ̀ funfun báláú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ìyẹn jẹ́ fún Kaz. Bàbá rẹ̀ ní irú ẹ̀ nígbà tó wà ní kékeré. Nígbà tí ilé iṣẹ́ okùn tí bàbá ń ṣe ti ilẹ̀kùn pa, wọ́n tà á. Kaz sunkún títí ó fi ṣàìsàn. Ọdọọdún ló máa ń sọ ìtàn yẹn fún mi, ọdọọdún ni mo máa ń ṣe bíi pé mi ò gbọ́ ọ rí.

Mo dúró lẹ́nu géètì. Mo ní kí n kan ilẹ̀kùn, kí n béèrè. Ìṣẹ́jú kan ni ì bá gbà mí. Ṣùgbọ́n mo ní tí mo bá béèrè, wọ́n á rántí pé ohun iyebíye ni, wọn ò ní fún mi. Mo tún ní, àárín pàntí ló sáà wà, ọ̀la ni wọ́n máa tì í síta. Ẹ ò rí i bí ẹnu olè ṣe máa ń dùn kó tó jalè.

Mo ti géètì ṣí. Mo ti ilẹ̀kùn ìloro ṣí, kò ní kọ́kọ́rọ́. Mo fi ẹsẹ̀ òsì ta àpótí náà lẹ́ẹ̀mejì, mo pa á dé, mo gbé e.

Nígbà tí mo gbé e sínú ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kaz, tí mo sì ṣí i, ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò lẹ́ẹ̀mẹta kó tó fọwọ́ kàn án.

"Ẹ kú ọjọ́ ìbí, Ọba," mo ní.

Ó wò mí. "Ive, ṣé ìta géètì ni?"

"Ìta géètì ni."

Ìyẹn ni irọ́ àkọ́kọ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Kaz fi yọ̀. Ó ń gbé e wá sí gáréèjì, ó ń fi orin bíbàjẹ́ dá wa lágara, àwọn ọmọkùnrin ń ju ìbọ̀wọ́ lù ú. Àfìgbà tí bọ́tìnnì kan há. Ó gbé e lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin tó ń tún irú ẹ̀ ṣe. Ọkùnrin yẹn sì ti fi ọgbọ̀n ọdún tún akọ́díónì kan náà ṣe fún bàbá tó kú. Ọmọ-ọmọ bàbá náà, obìnrin kan, ti fi tó ọlọ́pàá létí pé wọ́n wọlé jí i. Bí ọkùnrin náà ṣe rí nọ́ńbà abẹ́ rẹ̀, ó ní kí Kaz jókòó, kó mu tíì. Ọlọ́pàá dé kí tíì tó tutù.

Wọ́n mú Kaz lọ. Gbogbo ohun tó sọ fún wọn ò ju ọ̀rọ̀ kan lọ: "Nínú pàntí ni mo ti rí i." Kò dárúkọ mi. Lọ́jọ́ kejì adájọ́ ní kó máa lọ sílé, kó máa retí wọn.

Mo lọ bá a nílé. Ó ti se ọbẹ̀ pupa tó máa ń sè, ó bu àwo kan fún mi kí n tó bọ́ aṣọ òtútù.

"Mo ti rí lọ́yà mi," ló wí. "Adlerstein ló ń jẹ́. Ọmọdé ni, ó kéré sí Yarimar."

"Yarimar ò ju ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ."

"Ohun tí mò ń sọ náà nìyẹn." Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà ò dé ojú rẹ̀. "Ó ní wọ́n máa ń kó ará ìlú mẹ́tàlélógún jókòó sí yàrá kan. Kò sí adájọ́ níbẹ̀. Agbẹjọ́rò ìjọba nìkan ló ń rò fún wọn. Tí méjìlá nínú wọn bá ti nawọ́, ó parí, wọ́n á gbé mi lọ sílé ẹjọ́ ńlá fún fífọ́lé. Ọdún mẹ́ta àti ààbọ̀ ló kéré jù lẹ́wọ̀n."

Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ mi.

"Fífọ́lé kẹ̀? Wọ́n ní o fọ́ ilé?"

"Wọ́n ní ó wà nínú ilé. Àwọn tó ń kó ẹrù òkú kì í mọ ibi tí wọ́n gbé nǹkan sí, wọn ò sì ní fẹ́ dá ara wọn lẹ́bi. Má mikàn. Òfin ìpínlẹ̀ yìí fún mi lẹ́tọ̀ọ́ pé kí n wọlé lọ bá àwọn mẹ́tàlélógún yẹn, kí n fẹnu ara mi rojọ́ kí wọ́n tó nawọ́. Lọ́yà á kọ̀wé ránṣẹ́ sí wọn pé mò ń bọ̀, wọ́n sì gbọ́dọ̀ gbọ́ mi."

"Lọ́yà náà ní kó o lọ?"

"Ó ní kí n má lọ. Ó ní ìwé kan wà tí mo máa kọ́kọ́ fọwọ́ sí. Tí mo bá ti fọwọ́ sí i, ààbò òfin ti kúrò lórí mi. Gbogbo ohun tí mo bá sọ, wọ́n lè fi dè mí. Òun á jókòó tì mí, àmọ́ kò gbọdọ̀ la ẹnu."

"Lọ́yà tí kò gbọdọ̀ la ẹnu, kí ló wá fẹ́ ṣe níbẹ̀?"

"Mo bi í. Ó ní òun á máa tẹ ẹsẹ̀ mi mọ́lẹ̀ lábẹ́ tábìlì."

Mo ní, "Kaz, má lọ. Gbọ́ ti lọ́yà. Jẹ́ kí wọ́n wá ẹ̀rí tiwọn." Gbogbo ara ni mo fi ń bẹ̀ ẹ́. Mo mọ̀ pé tó bá wọ yàrá yẹn, tó sì sọ pé ìta ni nǹkan wà, orí irọ́ tèmi ló máa dúró sí.

"Kí ni mo ṣe tí màá fi máa sá pamọ́?" Ó tẹ̀ síwájú. "Gbọ́, mo ti rò ó. Màá sọ fún wọn pé èmi ni mo gbé e lójú ọ̀nà. Tí mo bá dárúkọ rẹ, ọ̀gá á lé ọ, ìwé mẹ́ta á pé. Èmi ò níwèé kankan lórí. Wọ́n á ní kí n lọ jókòó sílé fọ́sẹ̀ méjì, màá padà wá fẹ̀yìn tì. Tí wọ́n bá bi ọ́, ìwọ sáà sọ pé ìwọ lò ń wakọ̀."

Ọ̀rọ̀ ti dé ètè mi. Mo fẹ́ sọ pé, Kaz, ìloro ni, mo wọ géètì. Mo tilẹ̀ la ẹnu. Nígbà náà ni mo rí Yarimar lójú ọkàn mi, tó ń fà mí láṣọ, tí èémí ò dé inú rẹ̀. Mo pa ẹnu dé.

"Ìta géètì ló sáà wà, àbí?" Kaz tún bi mí.

"Ìta géètì ni, Kaz."

Ó sọ pé kí n jẹun, ọbẹ̀ ti ń tutù. Mo jẹ ẹ́ tán. Mo tilẹ̀ ní kó bù sí i.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí ẹnì kan láti ọ́fíìsì agbẹjọ́rò ìjọba fi wá bá mi ní gáréèjì, ó ní ìwé pélébé kan lọ́wọ́.

"Ìwọ àti Wojtasik lẹ jọ ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ta ló ń wakọ̀ nígbà tí ẹ dé òpópónà yẹn?"

"Èmi ni."

Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan péré. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìwé ìpè dé ilé mi: kí n wá jẹ́rìí fún ìjọba níwájú àwọn mẹ́tàlélógún, ní ọjọ́ tí Kaz máa rojọ́ gan-an. Wọ́n fẹ́ kí n wá sọ ọ̀rọ̀ kan yẹn fún wọn.

Mo lè sá. Mo rò ó. Mo lè pe lọ́yà Kaz, kí n tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo tẹ nọ́ńbà rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo pa á. Bí a bá ń yọ́ ilẹ̀ dà, ohun burúkú a máa yọ́ni ṣe, àwọn àgbà kò parọ́. Mo wá ń dọ́gbọ́n fún ara mi pé bóyá wọ́n á gba ti Kaz gbọ́. Ojú rẹ̀ sáà jọ ojú ẹni tó ń sọ òótọ́.

Ọjọ́ pé. Ilé ẹjọ́ náà ga, inú rẹ̀ tutù, àwọn ènìyàn jókòó sórí bẹ́ǹṣì lọ bí ẹni ń dúró de dókítà. Kaz wọ kóòtù tó fi sin ìyá rẹ̀. Lọ́yà Adlerstein tẹ́ ìwé síwájú rẹ̀, ó ń kà á fún un wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.

"Ẹ̀yin lẹ máa pinnu, sà," ó wí. "Ẹ̀tọ́ yín ni, kì í ṣe tèmi. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ti fọwọ́ sí i, kò sí ohun tó máa bò yín mọ́."

Kaz fọwọ́ sí ẹ̀dà mẹ́ta. Ó gbójú sókè, ó ṣẹ́jú sí mi. Kò sẹ́ni tó gbé ìwé kankan wá síwájú mi, mo sì rò pé wọ́n gbàgbé ni.

Èmi ni wọ́n kọ́kọ́ pè.

Yàrá náà dà bíi kíláàsì. Àwọn mẹ́tàlélógún jókòó sórí àga tó ga sókè ní ìlà-ìlà, ife kọfí lọ́wọ́ àwọn kan. Obìnrin kan jókòó nísàlẹ̀, ó ń tẹ gbogbo ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Agbẹjọ́rò ìjọba, Ọ̀gbẹ́ni Lindqvist, ní kí n gbọ́wọ́ sókè kí n búra. Mo búra.

"Ta ló ń wakọ̀?"

"Èmi ni."

"Ta ló wà nísàlẹ̀, tó ń gbé àpò?"

"Kaz ni."

"Ṣé ẹ rí i nígbà tó gbé àpótí náà?"

"Ọ̀nà ni mò ń wò."

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Kò gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Ní ọ̀nà ìta, èmi àti Kaz pàdé lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ó fọwọ́ gbá mi léjìká.

"Ẹ̀rù ń bà ọ́ jù mí lọ," ó wí. "Lọ jókòó, ọmọ yìí. Ó máa tán báyìí."

Ìlànà ibẹ̀ ni pé ohun tí wọ́n bá sọ nínú yàrá yẹn, àṣírí ni. Ṣùgbọ́n òfin kò di ẹnu ẹni tó jẹ́rìí pé kó má sọ tirẹ̀, Kaz sì sọ tirẹ̀ fún gbogbo gáréèjì nígbà tó yá. Ẹnu àwọn ará gáréèjì ni mo ti gbọ́.

Ó sọ fún wọn pé òun lòun gbé e, lójú ọ̀nà, níta géètì. Ó sọ nípa bàbá rẹ̀. Wọ́n ní obìnrin kan lókè ń nu ojú. Ó jọ pé wọ́n ti ń gbà á gbọ́.

Lindqvist wá ní kó wo ohun kan. Ó tan fídíò kan tí kámẹ́rà ilé òdìkejì yà. Ìjọba ò tíì fi han lọ́yà Adlerstein rí, ká má tíì sọ ti Kaz. Ọkọ̀ wa ló wà níbẹ̀ nínú òjò. Ẹnì kan tó wọ aṣọ òjò wa, tó fi fìlà rẹ̀ borí, kẹ̀yìn sí kámẹ́rà. Èmi àti Kaz fẹ́rẹ̀ẹ́ ga bákan náà; nínú aṣọ yẹn kò sẹ́ni tó lè mọ ọkùnrin yàtọ̀ sí obìnrin. Ẹni náà ti géètì ṣí. Ó ti ilẹ̀kùn ìloro ṣí. Ó fi ẹsẹ̀ òsì ta nǹkan kan lẹ́ẹ̀mejì kó tó bẹ̀rẹ̀ gbé e.

"Ọ̀gbẹ́ni Wojtasik," Lindqvist wí, "ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún wa pé ẹ̀yin lẹ gbé e. Ṣé ẹ̀yin nìyẹn?"

Kaz ní kó tún un tàn. Wọ́n tún un tàn. Ó wo ẹsẹ̀ yẹn.

"Mi ò ní ọ̀rọ̀ kankan mọ́," ó wí.

"Ṣé ẹ̀yin kọ́ ni?"

Lọ́yà rẹ̀ ń tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Kaz ti mọ̀ pé mo parọ́ fún òun lẹ́ẹ̀mejì, ó ti mọ̀ pé ẹ̀wọ̀n ń bọ̀, gbólóhùn kan péré ló sì máa gbà á. Kò sọ ọ́.

Nígbà yẹn ni ọkùnrin kan nawọ́ láàárín àwọn mẹ́tàlélógún, ó ní òun ní ìbéèrè. Lindqvist lọ bá a, wọ́n sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Ó padà wá.

"Ọjọ́ wo ni wọ́n bí yín, Ọ̀gbẹ́ni Wojtasik?"

Kaz sọ ọ́.

Lórí bẹ́ǹṣì, mo rí i tí ilẹ̀kùn ṣí. Kaz jáde. Kò wo ọ̀dọ̀ mi. Kí n tó dìde láti bi í pé báwo ló ṣe lọ, òṣìṣẹ́ kan ti pè mí: "Ìyáàfin, wọ́n tún ń fẹ́ yín."

Mo padà wọlé.

"Ẹ rántí pé ẹ ti búra," Lindqvist wí.

"Mo rántí."

"Ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀ ní kí n bi yín. Ọjọ́ tí akọ́díónì náà sọnù, ọjọ́ ìbí ta ni?"

Mo gbójú sókè. Ọkùnrin tó ni ìbéèrè náà jókòó ní ìlà iwájú, ó gbé ọ̀pá ìtilẹ̀ lé orókùn. Mo wo ọwọ́ rẹ̀. Àtàǹpàkò rẹ̀ ti wọ́, ẹ̀yìn ọwọ́ kún fún àpá fífín. Ọwọ́ wa ni. Ìsàlẹ̀ ọkọ̀ lòun náà ti wá.

"Ti Kaz ni," mo ní.

"Ní gáréèjì yín, kí ni ẹni tó ń ṣọjọ́ ìbí máa ń ṣe?"

Mo gbọ́ bí ìka obìnrin tó ń tẹ̀wé ṣe dúró, tó ń dè mí. Ọkùnrin tó ni ọ̀pá ìtilẹ̀ yẹn kò bínú o. Ó kàn ń wò mí bí ẹni tó mọ ìdáhùn, tó sì fẹ́ kí èmi fúnra mi sọ ọ́.

"Ìdí ọkọ̀ ló máa ń wà," mo wí.

"Kì í sọ̀ kalẹ̀?"

"Kì í sọ̀ kalẹ̀."

"Nígbà náà, ta ló ń wakọ̀?"

Mo rò pé ibẹ̀ ni wọ́n máa ti fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ sí mi lọ́wọ́. Mo ro Yarimar. Mo ro Kaz tó nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò lẹ́ẹ̀mẹta. Gbogbo rẹ̀ wá sú mi.

"Kaz ló ń wakọ̀. Kò kúrò nídìí ọkọ̀ látàárọ̀. Èmi ni mo wà nísàlẹ̀. Èmi ni mo wọ géètì, èmi ni mo ti ilẹ̀kùn ìloro ṣí. Ẹ̀bùn ọjọ́ ìbí ni mo fi ṣe fún un. Ó bi mí bóyá ìta géètì ni, mo ní ìta géètì ni. Irọ́ ni. Irọ́ sì ni mo pa fún yín láàárọ̀ yìí."

"Ṣé ó mọ̀ pé inú ilé lẹ ti gbé e?"

"Kò mọ̀. Tó bá mọ̀ ni, òun fúnra rẹ̀ ni ì bá fọ́ orí mi."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ìka obìnrin yẹn tẹ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, títí kan ìyẹn.

Wọ́n ní kí n máa lọ. Mo ń retí ọlọ́pàá lẹ́nu ilẹ̀kùn, ẹnikẹ́ni ò dá mi dúró. Kaz nìkan ló wà lórí bẹ́ǹṣì tí mo ti dìde, lọ́yà rẹ̀ dúró lọ́ọ̀ọ́kán.

Mo jókòó tì í.

"Ive, ṣé ìta géètì ni?"

"Inú ni, Kaz."

Ó mi orí. Ó dìde, ó to bọ́tìnnì kóòtù rẹ̀, ó lọ.

Lọ́yà Adlerstein ló dúró. Kì í ṣe lọ́yà mi, kò sì ní ìdí kankan láti ṣàánú mi. Mo bi í bóyá wọ́n ń bọ̀ wá mú mi.

"Wọn ò lè mú yín nítorí akọ́díónì," ó wí. "Ìjọba ló pè yín wá jẹ́rìí, wọn ò sì fún yín ní ìwé fọwọ́ sí. Ní ìpínlẹ̀ yìí, ẹlẹ́rìí tí kò bá fọwọ́ sí ìwé yẹn, òfin ti bò ó lórí ohun tó bá jẹ́rìí sí. Ẹ ti wà lábẹ́ ààbò látìgbà tẹ́ ẹ ti la ẹnu láàárọ̀. Ká ní ẹ ti sọ òótọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni, kò sí ohun tí wọn ì bá lè fi yín ṣe. Ohun kan ṣoṣo tó lè gbé yín dé ẹ̀wọ̀n nínú yàrá yẹn ni irọ́. Ẹ dúpẹ́ pé ẹ tètè padà kó irọ́ yẹn jẹ."

Ẹni tí kò ṣe nǹkan kan fọwọ́ ara rẹ̀ bọ́ aṣọ ààbò sílẹ̀ nítorí mi, ó wọlé ní ìhòòhò. Èmi tí mo ṣe é, wọ́n ti da aṣọ bò mí láti ẹnu ọ̀nà, mi ò mọ̀.

Àwọn mẹ́tàlélógún ò fi ẹ̀sùn kankan kan Kaz. Méjìlá ò nawọ́. Mo gbọ́ pé ẹnì kankan ò tiẹ̀ nawọ́. Akọ́díónì padà sọ́wọ́ ọmọ-ọmọ bàbá. Ọ̀gá gáréèjì lé mi lọ́jọ́ kejì. Ilé búrẹ́dì ni mo ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, ìjọba ń ràn mí lọ́wọ́ lórí oògùn Yarimar. Ohun tí mo torí ẹ̀ parọ́ yẹn, ọ̀nà mìíràn wà fún un látilẹ̀wá. Mi ò wá a ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, mi ò ní jókòó máa wàásù fún yín. Ẹ sáà mọ̀ pé mi ò jí akọ́díónì yẹn nítorí ìkà. Ìfẹ́ ni. Ìfẹ́ ló mú mi wọ géètì, ẹ̀rù ló mú mi jókòó sórí irọ́ náà. Tí ẹnì kan bá ń bi yín ní ìbéèrè kan náà lẹ́ẹ̀kejì, ó ń fún yín láyè ni. Ẹ lò ó.

Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta tó tẹ̀ lé e, mo ra kéèkì oníhóró dúdú. Kaz ti fẹ̀yìn tì. Láti ilé ẹjọ́ ọjọ́ yẹn, kò gbé ìpè mi rí. Mo rìn dé ilé rẹ̀, mo dúró lẹ́nu géètì, mi ò fọwọ́ kàn án. Mo pè é lórúkọ.

Ó ṣí ilẹ̀kùn. Ó ti rù díẹ̀. Ó wo èmi, ó wo páálí kéèkì tó wà lọ́wọ́ mi.

"Ẹ kú ọjọ́ ìbí, Kaz," mo wí. "Ṣé kí n gbé e wọlé?"

Ó dúró pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi rò pé ó fẹ́ ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Gbé e síta géètì," ó wí, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Mo gbé e sílẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò pàntí rẹ̀. Ọjọ́ ìkólẹ̀ ni ní àdúgbò yẹn. Mo ti ń gbúròó ọkọ̀ ní òpópónà kejì.